Ọ̀nà Tó Kúrú Jù Lọ

Yàrá kejì lẹ́yìn gbọ̀ngàn ìgbìmọ̀ ni mo jókòó sí, ní Àbújá,
ẹ̀rọ amúlétutù ń mí sí mi lọ́rùn,
mo ń tẹ àbá òfin
lórí owó ọkọ̀ àwọn ológun tó ti fẹ̀yìn tì
tí wọ́n ń lọ gba ìtọ́jú.
Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ogójì ojú ewé.
Títí mo fi kà á tán, n ò rí "ẹsẹ̀" níbì kankan.

Àjàdí Láṣebíkan ni bàbá mi.
Orúkọ rò ó: ó ja ogun dé ìdí ní Làìbéríà,
ìdí ogun sì mú ẹsẹ̀ òsì rẹ̀, láti orúnkún lọ sísàlẹ̀.
Kòntàgórà ló ń gbé. Ó ní òun ò lè padà sí Ìgbájà
kí àwọn ọmọdé máa ka ẹsẹ̀ òun.

Oṣù mẹ́ta mẹ́ta
ó gbọ́dọ̀ dé ọsibítù àwọn sójà ní Kàdúná,
kí wọ́n wo ojú egbò, kí wọ́n fa okùn ẹsẹ̀ onírọ́bà le.
Aago mẹ́rin ìdájí ló ń jí.
Ní gáréèjì, Tánkò awakọ̀ wo ẹsẹ̀ náà
tí bàbá mi ti bọ́ nítorí ooru, tó gbé mọ́ àyà bí ọmọ,
ó ní, "Bàbá, èyí náà máa sanwó ẹrù."
Bàbá mi rẹ́rìn-ín. Ó san án.
Èyí tó fi sílẹ̀ ní Mọnróvíà ńkọ́?
Ọkọ̀ ojú omi ìjọba ló gbé e lọ, lọ́fẹ̀ẹ́.

Ìsọ̀rí kẹta, ìlà karùn-ún:
"A ó san owó náà ní kìlómítà kìlómítà,
gẹ́gẹ́ bí ọ̀nà tó kúrú jù lọ ṣe gùn tó."
Ọwọ́ mi dúró.

Mo mọ ọ̀nà tó kúrú jù lọ.
Ó gba Tẹ́gínà, ó gba Bìrìnní Gwárí.
Ó kúrú lóòótọ́,
ó kúrú débi pé ó ti gé ẹ̀mí ẹlòmíràn kúrú.
Mínnà ni bàbá mi ń gbà,
láti Mínnà sí Sùlèjà, láti Sùlèjà sókè,
bí ẹni tó ń yí ògiri ilé po kó tó kan ilẹ̀kùn.
Bí ilẹ̀ bá ṣú, á sùn sí ẹ̀yìn mọ́ṣáláṣí,
ẹsẹ̀ rẹ̀ lábẹ́ orí, bí ìrọ̀rí.

Mo gbé ìwé náà lọ bá Ọ̀gá Ṣekwolo.
Ó wo ìlà náà látòkè jígí rẹ̀.
"Ṣé bí wọ́n ṣe kọ ọ́ nìyí?"
"Bí wọ́n ṣe kọ ọ́ ni, sà."
"Ó dáa. Tẹ ẹ́."
Kì í ṣe ènìyàn búburú. Ó fún mi ní bisikíìtì méjì.

Nínú gbọ̀ngàn, ọlọ́lá kan dìde, ó yin àwọn akọni wa,
wọ́n lu tábìlì.
Òfin rere ni, n ò ní purọ́.
Ọdún mọ́kànlá la ti ń retí ohun tó jọ ọ́.

Fóònù mi gbọ̀n.
"Mo ti dé Sùlèjà," ni bàbá mi wí. "Òjò ń rọ̀.
Ọpẹ́ ni, ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ló ń tutù."
Ó rẹ́rìn-ín títí owó fi tán lórí fóònù rẹ̀.

Mo tẹ ìlà karùn-ún bí wọ́n ṣe kọ ọ́.
Ní etí ìwé, pẹ̀lú lẹ́ẹ̀dì,
mo kọ Sùlèjà, kékeré,
bí àṣìṣe ọwọ́.
Bóyá ẹnìkan á bi mí pé kí ni.