Ẹni Tó Mira

Ìdá kan nínú ọgọ́ta ìṣẹ́jú-àáyá:
aṣọ dúró gbagidi bí aṣọ ara ère.
Mo sọ ọ́ di ìdá kan nínú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún:
etí aṣọ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ bí òrí lẹ́bàá iná.
Ìdá kan nínú mẹ́rin, há à!
Sàbúrátù di odò.

Gbọ̀ngàn iléèwé kan ni, ní Mákùn, ní Ṣágámù,
alẹ́ ọyẹ́, tí eruku sìmẹ́ńtì ń bá eruku ọyẹ́ ṣe mọ̀lẹ́bí.
Kíkẹ́lọmọ Odùbájò kó aṣọ méjìlélógún jáde,
iṣẹ́ ọdún méjì gbáko nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ.
Wọ́n to bẹ́ǹṣì sọ́tùn-ún, wọ́n to bẹ́ǹṣì sósì,
wọ́n yá kápẹ́ẹ̀tì ṣọ́ọ̀ṣì tí àbẹ́là ti kán sí, wọ́n tẹ́ ẹ sáàárín.
Jẹnẹrétọ̀ ń wúkọ́. Gílóòbù ń ṣẹ́jú.
Bátìrì fláàṣì mi ti kú láti ìrọ̀lẹ́.
Bí mo bá ní ọgbọ́n ni mo dá, irọ́ ni;
àìtó iná ló kọ́ mi.

Ohun tí bàbá mi kọ́ mi yàtọ̀.
Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Ìjọ́kùn: kọ́tìnì pupa kan, àga onígi kan,
ọ̀rọ̀ méjì péré: "Má mira."
Ó sọ ọ́ fún ìyàwó tuntun, ó sọ ọ́ fún sójà,
ó sọ ọ́ fún ọmọ ọwọ́ tí eṣinṣin bà lé nímú.
Ẹni tó bá mira, fọ́tò rẹ̀ bàjẹ́ nìyẹn,
inú agolo mílíìkì ńlá abẹ́ tábìlì ló ń jù ú sí,
kò sì ní í gba kọ́bọ̀ lórí rẹ̀.

Bàbá, mo mira lánàá.
Bí Sàbúrátù ti ń bọ̀, mo bá a yí láti ìbàdí,
kámẹ́rà lẹ̀ mọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi, mo di èémí mú,
mo tẹ̀ lé èjìká rẹ̀ bí ẹni tó ru omi kíkún:
ojú rẹ̀ hàn, ògiri ẹ̀yìn rẹ̀ di ìlà, di ìlà,
àwọn olówò obì orí bẹ́ǹṣì kejì di àwọ̀ obì lásán.
Mo tún dúró gangan, mo ní kó kọjá:
bẹ́ǹṣì dúró, ìṣó ara ògiri dúró,
òun nìkan ni kò dúró.
Òfì aláwọ̀ èlú tú ká bí èéfín,
ẹsẹ̀ mẹ́ta, ọwọ́ mẹ́rin,
kò lójú.

Mo ba mọ́kàndínlógún jẹ́ kí ọ̀kan tó dáa.
Òmíràn rí bí ọbẹ̀ tó dà nù.

"Ojú ọmọ ọlọ́mọ dà?" ni Kíkẹ́lọmọ bi mí.
"Bọ́tìnì méjìdínlógójì tí mo fọwọ́ rán, ọ̀kan ṣoṣo dà?"
Mo kó àwọn tó dúró gbagidi fún un, ó sanwó.
Ọmọ Rẹ́mọ ni; kì í náwó sí ohun tí kò fojú rí.
Sàbúrátù ló mú èyí tí kò lójú, ó gbé e sí oòrùn,
ó ní, "Bó ṣe ṣe mí gan-an nìyí.
Ẹ̀rù bà mí débi pé mi ò mọ ibi tí ara mi parí sí."

Lálẹ́, mo fi ìrù ṣíbí ṣí agolo mílíìkì;
ìdérí rẹ̀ ti dípẹtà.
Ọmọ olójú mẹ́rin. Sójà tó ń sín.
Nísàlẹ̀ pátápátá, obìnrin kan ń dìde lórí àga,
bóyá ewúrẹ́ ló wọlé, bóyá ọbẹ̀ ló ń jóná,
orí rẹ̀ di ìmọ́lẹ̀ funfun kan tó yí sẹ́gbẹ̀ẹ́.
Ìró rẹ̀ ni mo fi dá ìyá mi mọ̀.
Lẹ́yìn fọ́tò, lọ́wọ́ ìkọ̀wé bàbá mi: Ó bàjẹ́.
Lábẹ́ rẹ̀, bíírò mìíràn, ọdún mìíràn: Ẹ má jù ú nù.

Mo ṣírò iye àkókò tí ìyá mi fi dìde.
Kò ju ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá lọ.
Mo kọ ọ́ sínú ìwé mi,
Kíkẹ́lọmọ tún ní ìfihàn lóṣù Ẹbí.