Mọ́ńdè Wo?

Ọjọ́ Àìkú tó kọjá ni mo rà á
ní ṣọ́ọ̀bù kan nítòsí ibùdó rélùwéè ní Hull.
Oṣù mẹ́rìnlélógún ni n ó fi san án,
gbèsè tó ń dán bí ẹja tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fà lómi.
Ọmọdé tó tà á fún mi ní, "Ojú yín ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀."
Mo rẹ́rìn-ín. Ṣebí ojú lọ̀rọ̀ wà.

Ti àtijọ́ ti sán lójú,
ìlà mẹ́ta gbọọrọ bí ẹni tó kọ àbàjà,
ó sì máa ń gé mi ní àtàǹpàkò.
Ṣùgbọ́n a mọwọ́ ara wa.
Bí mo bá kọ "ẹ kú", ó mọ̀ pé n kò ránṣẹ́ ikú sẹ́nikẹ́ni.

Tuntun yìí, ọ̀mọ̀wé ni.
Àárọ̀ ọjọ́ Ajé, mo parí iṣẹ́ òru nílé àwọn arúgbó,
òtútù ń súfèé bọ̀ láti odò Humber,
mo gbé e sójú kó ṣí. Ó ní òun ò mọ̀ mí.
Mo ṣí fìlà. Òun ò mọ̀ mí.
Mo rẹ́rìn-ín sí i bí ẹni tó ń tọrọ físà.
Ó ní kí n tún gbìyànjú.
Ta ni n bá bá jà? Lẹ́yìn wákàtí méjìlá,
èmi gan-an ò dá ara mi mọ̀ dáadáa.

Ó ń ka ìṣísẹ̀ mi, n kò sì bẹ̀ ẹ́.
Ẹgbẹ̀rún mẹ́rìnlá lóru ọjọ́ Ìṣẹ́gun,
gbogbo rẹ̀ láàárín aago tí Margaret ń tẹ̀
àti aago tí Stanley ń tẹ̀.
Ó tan iná wínníwínní, ó kí mi kú oríire,
àfi bí ẹni pé mo ti rìn dé ibì kan.

Kámẹ́rà rẹ̀ ńkọ́? Mo ya ara mi,
ó ti bá mi pa àpá iwájú orí rẹ́,
àpá tí mo gbà lábẹ́ igi àgbálùmọ̀ Bàbá Fágbàmílà.
Mo wá a títí,
n kò rí ibi tí wọ́n ti ń dá àpá padà.

Ọjọ́rú lọ̀ràn dé.
Àbúrò mi Oyèdòkun kọ̀wé láti Ìmẹ̀sí-Ilé:
"Ẹ̀gbọ́n, ìgbà wo?"
Mo tẹ ohun tí mo ti ń tẹ̀ láti ọdún mọ́kànlá,
láìfi àmì sí i: Mo n bo.
Ọ̀mọ̀wé wò ó, ó rò pé mo ṣì í kọ,
ó bá mi tún un ṣe: Mọ́ńdè.
Ó ti lọ kí n tó rí i.

Ọdún mọ́kànlá tí "mo ń bọ̀" ti ń bo àṣírí mi,
kò lọ́jọ́, kò láago.

"Mọ́ńdè wo?"
Kí n tó fèsì, ó ti sọ fún Ìyá.
Ìyá ti ní kí wọ́n kó sìmẹ́ǹtì kúrò ní yàrá mi,
kí wọ́n sá mátírẹ́ẹ̀sì sóòrùn.
Wọ́n fi fídíò rẹ̀ ránṣẹ́.
Àwòrán náà mọ́ débi pé mo rí eruku tó ń fò,
mo rí ọwọ́ Ìyá bó ṣe ń gbọ̀n lórí ìgbálẹ̀.
Nínú ti àtijọ́, àbàjà yẹn ì bá bò ó.

Mo kọ "àṣìṣe ni", mo pa á rẹ́.
Mo kọ "fóònù ló fà á", mo pa á rẹ́.
Ọ̀mọ̀wé ń wò mí, kò tún nǹkan kan ṣe.

Bí ẹ bá bi mí, fóònù náà dára.
Bátìrì rẹ̀ ń lo ọjọ́ méjì,
kò wúwo lápò ju bisikíìtì méjì lọ.

Alẹ́ Àìkú nìyí, ọ̀sẹ̀ pé.
Mo jókòó lórí àtẹ̀gùn, mò ń wo owó tíkẹ́ẹ̀tì,
mò ń ka iye Mọ́ńdè tó kù nínú oṣù kọkànlá.
Iná ojú rẹ̀ kú.
Mo gbé e sókè nínú òkùnkùn,
n kò rẹ́rìn-ín, n kò ṣí fìlà.
Ó mọ̀ mí.