Ṣé Ara Le?

Bí wọ́n bá kí mi lẹ́bàá ọjà Atákúnmọ́sà pé, "Ṣé ara le?"
ẹ̀rín a máa pa mí.
Ara le, ẹ̀yin èèyàn mi.
Ó le ju bí ẹ ṣe rò lọ.
Ó le bí ilẹ̀kùn tí òjò rin,
tí a ní láti fi èjìká tì kó tó ṣí.

Ogún ni.
Bàbá mi, Fádèyí, òṣómàáló ni.
Ó ru aṣọ dé Ìlọrin, ó rù ú dé Òkè-Ògùn,
a sì lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè
láti ìdájí títí oòrùn yóò fi kan àtàrí.
Wọ́n á sanwó, wọ́n á kà á lé e lọ́wọ́,
Bàbá ò ní dìde.
"Kí ló tún kù, baba Ìjẹ̀ṣà?"
Kò sí ohun tó kù.
Orúnkún ni kò tíì gbọ́ pé wọ́n ti sanwó.

Ẹ̀gbọ́n mi jogún ilé tó wà ní Ìsọ̀kùn,
àbúrò mi obìnrin jogún oko kòkó,
èmi jogún itan, àti ìtàn rẹ̀.
Ẹnikẹ́ni ò bá mi du tèmi.

Bí tíṣà bá wọlé, kíláàsì a dìde,
èmi a ṣì wà lórí bẹ́ǹṣì,
mò ń bẹ ẹsẹ̀ mi lábẹ́ tábìlì.
Ẹgba mẹ́fà. Ọ̀lẹ, wọ́n ní.
Mo bọ ọ̀gá báńkì kan lọ́wọ́ rí,
ìka mi kọ̀, kò jọ̀wọ́ tirẹ̀;
ó rò pé owó yíyá ni mo fẹ́ fipá gbà.

Ìyáàfin Ọ̀míṣadé, tó ń tọ́jú iṣan ní ọsibítù,
ní kẹ̀kẹ́ kan tí kò ní táyà,
wọ́n dè é mọ́lẹ̀ bí ewúrẹ́.
Ó ní, "Gùn ún. Má sáré.
Iṣẹ́jú márùn-ún àkọ́kọ́, jẹ́ kí ara máa ráhùn.
Lẹ́yìn náà kí àyà máa lù, kí òógùn yọ,
kí o lè sọ̀rọ̀,
ṣùgbọ́n kí o má lè kọrin."
Mo bi í bóyá yóò wò mí sàn.
Ó wo ojú fèrèsé. "Rárá.
Lọ́rì àtijọ́ kì í di tuntun nítorí pé ó gbóná.
Ó kàn ń gbéra ni."

Aago márùn-ún ààbọ̀, ọyẹ́ ń jẹ mí létè,
mò ń gba Òkèsà lọ.
Ìgbésẹ̀ kìíní: igi.
Ìkejì: igi.
Ìkẹwàá: igi tó ń ronú.
Nígbà tí mo dé ẹ̀gbẹ́ ilé-epo,
nǹkan kan tú lẹ́yìn orúnkún mi,
bí ìgbà tí a tú okùn ẹrù,
mo sì ń lọ, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́,
èémí mi ń ṣáájú mi bí ajá tó mọ̀nà.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọlọ́kadà kan fọn fèrè lẹ́yìn mi.
Gbìì! Mo lulẹ̀ gbalaja bí pákó,
n ò lè na ọwọ́ gba ara mi.
Ọmọkùnrin náà ń bẹ̀bẹ̀, ó ń fà mí.
Mo ní, "Fi mí sílẹ̀ díẹ̀. Yóò gbọ́."
Ó bi mí pé ta ni yóò gbọ́.

Ìbíjọkẹ́ ọmọ mi, láti kékeré, bó bá sunkún tán,
ojú rẹ̀ a máa pẹ́ kó tó là.
Mo fi pa mọ́ fún ìyá rẹ̀, oṣù mẹ́ta gbáko.
Ìyá rẹ̀ ti mọ̀.

A jọ ń jáde báyìí, ọmọ ọdún mẹ́jọ.
Á fò sókè, á fò sódò níwájú ilé ká tó lọ,
àwọn aládùúgbò á máa wò ó
bí ẹni tí ìjàlọ wọ̀ láṣọ.
Lọ́jọ́ eré ìje ilé-ìwé, ó fò títí ó fi làágùn.
Ìbọn dún. Ó ta gìrì, ó dúró gbagidi.
Àwọn yòókù ti lọ.
Ẹsẹ̀ ṣí nígbà tó yá; ó ṣe ipò kẹfà nínú méje.
Ó ní bí ọ̀nà bá gùn sí i díẹ̀ ni,
òun ì bá lé gbogbo wọn bá.
Ó lè jẹ́ òótọ́.

Láàárọ̀ yìí, Ìyá Ọ̀ṣunlékè ń gbálẹ̀, ó nà ró.
"Bàbá Ìbíjọkẹ́, ṣé ara le?"
Mo ń wá èémí tí n ó fi dáhùn.
Ọmọ náà ti kọjá mi, kò wẹ̀yìn:
"Ó ti ń rọ̀ díẹ̀díẹ̀, mà."