Mo Ń Bọ̀

Lọ́jọ́ Sátidé, ní kíláàsì àwa àgbà tó ń kàwé mọ́ iṣẹ́,
Ọ̀gbẹ́ni Akinnúoyè ya àtẹ̀gùn mẹ́jọ sára pátákó.
Ẹfun ìkọ̀wé ti ta sí i ní irùngbọ̀n.
Ó ní, "Ẹ̀yin olùkọ́, ọ̀nà tí ènìyàn ń gbà di ènìyàn nìyí."
Àtẹ̀gùn kìn-ín-ní: ìfọkàntán.
Ọmọ tuntun sunkún, ẹnìkan wá,
ọmọ gbà pé ayé ṣeé fara tì.
Ọmọ tuntun sunkún, ẹnikẹ́ni ò wá,
àtẹ̀gùn yẹn kán nìyẹn,
ẹni tó bá sì gba orí èyí tó kán gòkè
yóò máa ro ẹsẹ̀ rẹ̀ kó tó gbé e, títí dọjọ́ alẹ́.

Mo kọ ọ́ sílẹ̀. Mo fàlà sí i nídìí lẹ́ẹ̀mejì.
Ọmọ oṣù méjì ni mí tí ìyá mi fi wọ mọ́tò lọ sí Sápẹ́lẹ̀,
ó fi mí sílẹ̀ ní Òkèlísà pẹ̀lú gálọ́ọ̀nù epo kan
àti ìyá tó bí i, tí ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì.

Ìṣirò náà kò le. Èmi ni mo kán.

Ṣùgbọ́n bí ọ̀kadà ṣe ń gbé mi kọjá ní Yàbá, tí òjò ṣú,
tí àwọn kan ń sáré kó kòkó wọn kúrò lórí tapólì lẹ́bàá títì,
nǹkan kan jí nínú mi tí kò sí lórí pátákó.

Màmá àgbà kì í tètè dé. Orókún kò gbà fún un.
Láti yàrá ẹ̀yìn, ohùn ló máa ń kọ́kọ́ rán sí mi:
"Mo ń bọ̀ o. Rẹ̀mílẹ́kún, mo ń bọ̀."
Lẹ́yìn náà ìṣáná,
lẹ́yìn náà ẹsẹ̀ tó ń wọ́ lórí sìmẹ́ǹtì,
níkẹyìn pátápátá, ọwọ́.
Òkùnkùn àárín ohùn àti ọwọ́ yẹn
gùn ju ọ̀nà oko lọ.
Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ àdúrà.

Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Odòjọmù, wọ́n ní Olúwa ń bọ̀.
Àwọn ẹgbẹ́ mi ń béèrè pé, nígbà wo?
Èmi ò béèrè rí.
Mo rò pé orókún ló ń dùn ún.

Ọ̀gbẹ́ni á ní ìyá àgbà kan ni mo sọ di Ọlọ́run.
Ó ṣeé ṣe. N kò ní bá a jiyàn.
Ṣùgbọ́n omi tí a fi igbá pọn,
ṣé igbá ló dá odò?

Ìyá mi ti padà wálé, ọdún kẹta rèé.
Apá òsì rẹ̀ ti rọ. Yàrá rẹ̀ kọjú sí tèmi.
Lóru ó ń pè mí,
orúkọ tí Màmá àgbà sọ mí ló fi ń pè mí,
èyí tí òun fúnra rẹ̀ sọ mí ti bọ́ lọ́kàn rẹ̀.
Àwọn òru kan wà tí mo gbọ́, tí mo sì dákẹ́.
Mo ń ka pákó àjà. Mo ń ro àtẹ̀gùn kìn-ín-ní.
Mo ní kó mọ bó ṣe máa ń rí.
Ọlọ́run, o rí mi níbẹ̀, o kò sọ nǹkan kan.

Lánàá, tí ìdánwò ku ọ̀la, tí ìwé ṣí lórí àyà mi,
ó tún pè.
Mo gbọ́ ohùn kan tó jáde lẹ́nu mi
kí n tó dìde, kí n tó wá sálúbàtà,
kí n tó dárí ohunkóhun jì í:
"Mo ń bọ̀ o."

Orókún ọ̀tún ń dùn mí.