Ọ̀gbẹ́ni Friesen ní Brandon

Wákàtí mẹ́ta ni mo wakọ̀ nínú yìnyín
kí n lè rí ẹsẹ̀ ọkùnrin yìí.
Mo ti gbọ́ ọwọ́ rẹ̀ nínú kásẹ́ẹ̀tì.

Ó jókòó ti gìtá
bí ahunṣọ Ìsẹ́yìn ti í jókòó ti òfì:
ẹsẹ̀ ń tẹ, orúnkún ń tì,
irin ń yọ̀ bọ̀rọ́ lórí okùn.
Ó húkọ́ lẹ́ẹ̀kan.

Nígbà náà ni ohùn kan gbéra nísàlẹ̀,
ó fà, ó fà, ó gòkè:
Àlàó.

Ọdún mọ́kànlá ní Manitóbà,
“Álo” ni wọ́n ń pè mí níbi iṣẹ́.
Irin tí kò lẹ́nu
ló pè mí bí ìyá mi ti ń pè mí.

Obìnrin ẹ̀gbẹ́ mi na ìnujú sí mi.
Mo ní òtútù ni.