Oníbodè Inú Ẹ̀rọ

Kétu, aago méjì òru.
Iná lọ, ó dé, ó tún ti lọ;
bátìrì ọkọ̀ Adégbité ló gbé kọ̀ǹpútà mi ró.
Ekùrọ́ ni mò ń kọ,
kì í ṣe èyí tí à ń fi òkúta pa,
ekùrọ́ inú ẹ̀rọ ni,
alábàákú gbogbo iṣẹ́ tí ẹ̀rọ bá ń ṣe.
Ẹ̀rọ náà ni yóò máa fa omi kànga lẹ́yìn ilé-ìwé.
Ó ku oníbodè.

Láti ojú fèrèsé mo wo ìhà Àkàbà Ìdẹ̀na.
Ẹni tó mọ odi yẹn mọ̀ pé
kì í ṣe gbogbo ẹsẹ̀ tó bá dé ẹnu ibodè
ni à ń torí rẹ̀ jí ọba.
Ẹnìkan ti jókòó síbẹ̀ tí yóò bi í:
ta ni ọ́, kí lo gbé wá, ṣé ó lè dúró?

Ọ̀nà méjìlélọ́gbọ̀n ló já sí iwájú tèmi.
Mo fún aago ní òdo,
torí nínú ìlú yìí, nọ́ńbà kékeré ni àgbà.
Ìwọ̀n omi, ení.
Bọ́tìnì, èje:
ẹni tó ń fi ìka tẹ nǹkan lè ní sùúrù.

Àwọn kan á kanlẹ̀kùn lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á lọ;
bí o kò gbọ́, ó tán.
Àwọn kan dà bí ọmọ Awẹ̀ró ní ìyẹ̀wù kejì,
á ké, á ké, àfi tí wọ́n bá gbé e.
Èmi ni n óò sọ irú ẹni tí olúkúlùkù jẹ́ fún oníbodè.
Bí mo bá ṣì í sọ,
omi á kún, á ṣàn dé ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀,
ẹ̀rọ á ṣì máa sùn.

Nígbà mìíràn ìlẹ̀kùn á dún, kò ní sí ènìyàn,
ewúrẹ́ ló ń fara ha á.
Mo kọ ìlà kan fún ewúrẹ́ náà:
wò ó, padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ.

Ìbòjú ńkọ́? Ení ṣí, òdo dì.
Ọ̀nà tí a bá bò lójú kò ní wọlé,
ṣùgbọ́n bó bá kàn, oníbodè á sàmì kan sílẹ̀.
Bó kàn nígbà ogún,
àmì kan náà ni.

Mo tẹ òdo sí ọ̀nà kẹsàn-án, kí n dán an wò.
Ìgbà náà ni mo rántí fóònù mi,
tí mo ti pa lẹ́nu mọ́ láti ìrọ̀lẹ́.
Mo yí i sókè. Àmì pupa kan.
Wọrú ni, láti Ṣábẹ̀,
Wọrú tí kì í pe ènìyàn lóru.
Fóònù àtijọ́ yìí kò mọ òǹkà,
kò sọ bóyá ẹ̀ẹ̀kan ni, bóyá ẹ̀ẹ̀mẹwàá,
bóyá owó ọkọ̀ ni, bóyá Màámi.

Ìlà kan ló kù, èyí tí ọmọ iṣẹ́ máa ń gbàgbé:
bí o bá jẹ́ ìpè tán, sọ fún oníbodè pé o ti jẹ́ ẹ;
bí bẹ́ẹ̀ kọ́, á rò pé o ṣì wà lẹ́nu rẹ̀,
kò ní jẹ́ kí ẹlòmíràn kọjá.
N kò tíì kọ ọ́.
Mo gbé fóònù sétí.
Ó ń dún
lọ́hùn-ún.