Kọ́kọ́rọ́ Bàbárà Mímọ́

Kọ́kọ́rọ́ náà wúwo, ó tutù bí ẹja odò.
Inú agolo bisikíìtì ni Petronėlė ń tọ́jú rẹ̀ sí,
pẹ̀lú ìkótí kan tí ẹnu rẹ̀ ti kújú.
"Fi èjìká ti ilẹ̀kùn," ló wí. "Òjò ti mú un wú."

Àwọn baba ńlá rẹ̀ ti Lituáníà dé sí Tamarack
lọ́dún tí yìnyín ò kúrò lórí òkè títí oṣù karùn-ún fi wọlé.
Wọn ò gbédè ọ̀gá. Èédú ò bi wọ́n léèrè èdè.
Ojúmọ́ kì í mọ́ bá wọn lórí ilẹ̀;
oòrùn di àlejò ọjọ́ Ìsinmi.
Àádọ́ta sẹ́ǹtì lóṣù, lórí ọkùnrin kọ̀ọ̀kan,
ni wọ́n fi ra pákó, ra bíríkì, ra agogo
tí bíṣọ́ọ̀bù wẹ̀ lómi, tó sọ lórúkọ bí ọmọ ọjọ́ kẹjọ.

Fáda Jurgis, àlùfáà àkọ́kọ́,
máa ń bá wọn wọ kòtò láàárọ̀ ọjọ́ Ajé.
Ikọ́ ló pa á. Ohun tó ń tu sínú aṣọ ìnujú
dúdú ju aṣọ oyè rẹ̀ lọ.

Ilé-iṣẹ́ dá òpó èédú kan sí lábẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì,
ó fẹ̀ ju ọgbà ilé ìwé lọ,
kí pẹpẹ má baà rì.
Nígbà tí èédú gbówó lórí, ọ̀gá ní kí wọ́n gé e.
Motiejus Varnagiris gbé dígà rẹ̀ sílẹ̀,
kò sọ̀rọ̀,
ó jókòó lé e lórí.
Ogójì ọkùnrin jókòó tì í.
Wọ́n pa fìtílà kí epo má ṣòfò,
ọjọ́ mẹ́ta, wọ́n ń fi ohùn dá ara wọn mọ̀,
àwọn ìyàwó ń fi okùn sọ ọ̀dùnkún kalẹ̀ nínú garawa.
Òpó kò wó. Wọ́n lé Motiejus.

Ebi ò mọ akọni. Orúkọ àbúrò rẹ̀, Adomas,
ló fi wọṣẹ́ padà ní ihò kejì;
orúkọ yẹn náà ló kú mọ́ ọn lára
lọ́jọ́ tí afẹ́fẹ́ abẹ́ ilẹ̀ gbiná.
Ènìyàn mẹ́tàdínlógún.
Adomas tìkára rẹ̀ wà níbi Mísà,
ó gbọ́ bí wọ́n ṣe ń ka orúkọ òun mọ́ òkú.
Ó wà lára mábù dòní. Sún mọ́ ọn.
Lábẹ́ àwọn lẹ́tà olómi wúrà
Elžbieta, opó rẹ̀, ti fi ìkótí ha orúkọ tòótọ́:
Mísà mẹ́jọ, lẹ́tà mẹ́jọ.

Ohùn lásán ló ya òpó sọ́tọ̀ lára opó.
Ọ̀kan wà nísàlẹ̀, nínú omi tó ti kún kòtò,
ọ̀kan wà lókè, ó ń gbálẹ̀, ó ń tan àbẹ́là;
mi ò mọ èyí tó gbé ilé yìí dúró.

Bíṣọ́ọ̀bù tuntun kọ lẹ́tà: ènìyàn mọ́kànlá kì í ṣe ìjọ.
Wọ́n gbé agogo lọ. Ẹyẹlé gba ilé rẹ̀.
Petronėlė ṣì ń wá lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀ láti gbá eruku
tó ń já bọ́ láti àjà, dúdú, kúnná,
bí ẹni pé ẹnìkan ṣì ń wa nǹkan lókè.

"Ẹ̀ẹ̀mejì ni kí o yí kọ́kọ́rọ́," ó pè tẹ̀lé mi.
"Ẹ̀ẹ̀kan kì í mú un."